Fìláàṣì yín tó kún fún installer: èwo lẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé nínú rẹ̀?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni àwọn ẹbí àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń gbé kọ̀ǹpútà wọn wá bá tí wọ́n bá fẹ́ fi sọ́fítíwíà sí i. Mo ní fìláàṣì kan tí mo ti ń kó installer, ìyẹn fáìlì tí a fi ń gbé sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà, jọ sí láti ọjọ́ pípẹ́: VLC, WinRAR, Java, Adobe Reader àti àwọn míì. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, màá wá a lórí Google, màá sì gbà á níbi tó bá kọ́kọ́ jáde. Nígbà míì, ẹ̀dà àtijọ́ ni mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ wá, torí tuntun máa ń wúwo jù fún kọ̀ǹpútà tó ti gbó. Antivirus mi ò tíì bá nǹkan kan nínú wọn rí. Ẹnì kan wá ń sọ pé ewu ni gbogbo ohun tí mò ń ṣe yìí. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó kàn fẹ́ dẹ́rù bà mí?"

Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ó da ewu méjì pọ̀ mọ́ra. Installer tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe sọ́fítíwíà náà, ohun tí a máa béèrè nípa rẹ̀ ni pé ta ló fọwọ́ kàn án kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Installer àtijọ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é gan-an, ìbéèrè tirẹ̀ yàtọ̀: kí ni àwọn ènìyàn ti rí nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti gbà á? Fáìlì lè mọ́ tónítóní, kó rí gẹ́lẹ́ bó ṣe kúrò lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́, síbẹ̀ kó jẹ́ ibẹ̀ ni olè máa gbà wọlé. Antivirus lè rí díẹ̀ nínú ewu àkọ́kọ́. Ní ti èkejì, kò ní sọ nǹkan kan, nítorí kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀ tó máa rí. Ìdí nìyẹn tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ antivirus yín kò fi fọkàn mi balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń ṣọ́ installer ju fáìlì yòókù lọ. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Windows á bi yín bóyá ẹ gbà kí sọ́fítíwíà yìí ṣe àyípadà sí kọ̀ǹpútà yín. Gbogbo wa la máa ń tẹ Yes láì kà á. Láti ìgbà yẹn lọ, ohunkóhun tó wà nínú fáìlì náà ti ní agbára administrator, ìyẹn agbára ọ̀gá tó lè yí ohun gbogbo padà lórí kọ̀ǹpútà náà. Ó lè kọ nǹkan sínú fódà Windows, ó lè fi ara rẹ̀ kún ohun tí yóò máa ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, ó tiẹ̀ lè pàṣẹ fún Microsoft Defender pé kó má yẹ fódà báyìí-báyìí wò mọ́. Ẹ ò lè ní ẹ máa yọ ọ́ kúrò tó bá yá. Kí "Finish" tó jáde, ó ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe tán.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, "ibi tó bá kọ́kọ́ jáde" ló bà mí lẹ́rù jù. Ohun tó máa ń wà lókè pátápátá lórí Google, ìpolówó ni lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ló sì ń polówó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, FBI ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ ní gbangba pé àwọn ọ̀daràn ń ra irú ìpolówó yìí, wọ́n ń fi orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ bojú, kí wọ́n lè ti kòkòrò sọ́wọ́ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àwọn olùṣèwádìí Malwarebytes rí ọ̀kan tí wọ́n ṣe fún KeePass, sọ́fítíwíà tí àwọn ènìyàn fi ń tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù. Àdírẹ́sì KeePass gidi ló hàn lára ìpolówó náà. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á bá ara rẹ̀ lórí ìkànnì mìíràn tí orúkọ rẹ̀ jọ ti gidi, àfi pé lẹ́tà k àkọ́kọ́ ní àmì bíńtín kan lábẹ́, báyìí: ķ. Àwa tí a ń kọ ẹ, ọ àti ṣ mọ̀ pé àmì abẹ́ lẹ́tà kì í ṣe ohun à-ń-fojú-fò, bẹ́ẹ̀ àwa náà ló ń fo ó lójoojúmọ́ tí a bá ń fi fóònù kọ̀wé. Lórí ojú kọ̀ǹpútà tó ní eruku, ta ló máa rí i?

Àmì àgádágodo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò lè gbà yín níbí. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíì kò lè yọjú sí ohun tí ẹ̀yin àti ìkànnì náà jọ ń sọ. Kò sọ pé ẹni rere ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Olè náà lè gba àgádágodo tirẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Orúkọ tó dùn ún gbọ́ náà kì í ṣe ẹ̀rí. Ibi tí VLC ti wá ni videolan.org, kì í ṣe ìkànnì kan tó so vlc mọ́ "free" tàbí "download". Ti 7-Zip ni 7-zip.org, ẹ ṣàkíyèsí àmì ìsopọ̀ àárín rẹ̀ àti org tó gbẹ̀yìn. Ti PuTTY, sọ́fítíwíà tí a fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ojúlé àwọn tó kọ ọ́ gan-an wà lábẹ́ chiark.greenend.org.uk, àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé ti gbájú-ẹ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé putty.org tó rí bíi ti gidi kì í ṣe tiwọn. Tí sọ́fítíwíà náà bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà kan tí ẹ fọkàn tán, ẹ ṣí Help, kí ẹ wo About. Àdírẹ́sì àwọn tó ṣe é sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ti àwọn ìkànnì ńlá tó ń kó sọ́fítíwíà onírúurú jọ sójú kan ńkọ́? Mi ò ní pe gbogbo wọn ní olè. Àmọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, Gordon Lyon tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Fyodor, ẹni tó kọ Nmap, irinṣẹ́ tí a fi ń yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, pariwo síta pé Download.com ti fi installer tiwọn we Nmap, ó sì ń gbé toolbar wọ bùráúsà àwọn ènìyàn. Ní 2015, ó kan GIMP, sọ́fítíwíà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, àti SourceForge, ìkànnì mìíràn tó ń kó sọ́fítíwíà jọ. Àwọn tó ń ṣe GIMP fún Windows ti kó kúrò níbẹ̀ láti 2013. Ìkànnì náà wá gba àkáǹtì tí wọ́n fi sílẹ̀, ó ń pín GIMP pẹ̀lú ìpolówó tí wọ́n so mọ́ installer rẹ̀. SourceForge bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn ní 2016, àwọn yẹn sì pa àṣà náà tì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹnikẹ́ni kò fọ́lé níbi méjèèjì yìí. Bí wọ́n ṣe ń pawó nìyẹn, lójú ọ̀sán gangan.

Ẹ má sì rò pé ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà nìkan ló ń kó sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, àṣírí tú pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ áàpù ní Ṣáínà ti lọ gba Xcode, irinṣẹ́ tí Apple ṣe fún kíkọ áàpù iPhone, láti orí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pín fáìlì ní Baidu, torí pé àtọ̀dọ̀ Apple máa ń pẹ́ kó tó wọlé tán. Ẹnì kan ti tún Xcode yẹn ṣe. Gbogbo áàpù tí wọ́n fi kọ́ ló ń gbé kóòdù àjèjì kan kiri tí àwọn tó kọ wọ́n kò mọ̀, tó fi dé orí App Store. WeChat ẹ̀dà 6.2.5 wà lára wọn. Wọ́n pe kòkòrò náà ní XcodeGhost. Ọ̀jáfáfá ni àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń falẹ̀ ló sún wọn débẹ̀.

Ẹ ò mẹ́nu kan crack àti activator, àwọn ohun tí a fi ń lo sọ́fítíwíà olówó láìsanwó, nínú ìwé yín. Bóyá ẹ kì í lò ó, bóyá ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Mo máa sọ ọ́ lọ́nàkọnà. Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń pín in: fáìlì zip tó ní pásíwọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì kọ pásíwọ́ọ̀dù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbàgàdà. Kí wá ni pásíwọ́ọ̀dù ọ̀hún wà fún, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n? Kí antivirus má bàa lè wo inú rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí ẹ pa antivirus kí ẹ tó ṣí i, torí pé ó máa "ṣi í mọ̀". Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tó sábà máa ń wà nínú irú rẹ̀ lóde òní ni àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ìsọfúnni: RedLine, Vidar, Lumma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọ́n á kó pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ti ní kí bùráúsà máa rántí, wọ́n á kó cookie, ìyẹn àmì tí ìkànnì fi ń mọ̀ pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní cookie yín lọ́wọ́ lè wọ inú ímeèlì yín láìjẹ́ pé wọ́n béèrè pásíwọ́ọ̀dù tàbí kóòdù orí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kì í gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Òmíràn á pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn náà, kí antivirus tó gba àpúdéètì lọ́la, kò ní sí nǹkan tó máa bá nílẹ̀.

Ó kan àwọn ẹ̀dà àtijọ́ wàyí, ibi tí mo rò pé ẹ kò retí wàhálà.

Ẹ mú WinRAR, tí a fi ń tú fáìlì tí wọ́n dì pọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, àwọn olùṣèwádìí Check Point sọ fún ayé nípa ihò kan tó wà nínú apá tí WinRAR fi ń ṣí fáìlì ACE, irú fáìlì àdìpọ̀ kan. Olè lè ṣe fáìlì ACE, kó yí ìparí orúkọ rẹ̀ sí rar, kó fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá ti ń tú u, fáìlì kan á yọ́ lọ sínú fódà Startup, tí yóò sì ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá tún tan kọ̀ǹpútà. Ihò náà ti wà níbẹ̀ fún bí ọdún 19. Ṣé ẹ rí i pé gbogbo antivirus tó yẹ WinRAR wò láàárín àkókò yẹn ló ní kò sí nǹkan? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú ẹ̀dà 5.70 ni wọ́n ti yanjú rẹ̀, wọ́n yọ ACE kúrò pátápátá. Nígbà tó di 2023, òmíràn tún yọjú: ẹ máa ṣí fáìlì rar, ẹ máa tẹ àwòrán kan nínú rẹ̀, ohun mìíràn ló máa ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀daràn ti ń fi ja àwọn tó ń ṣòwò owó orí ayélujára lólè kí ẹ̀dà 6.23 tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. WinRAR kì í sì fúnra rẹ̀ gba àpúdéètì. Nítorí náà, bí èyí tó wà lórí fìláàṣì yín bá jẹ́ 5.61, gbogbo kọ̀ǹpútà tí ẹ fi sí lẹ ti lu ihò méjèèjì yìí sí lára, pẹ̀lú ọkàn rere.

Ti Java tún ṣe pàtàkì fún yín ju ìyẹn lọ, nítorí pé nínú installer fúnra rẹ̀ ni ihò wà, kì í ṣe nínú sọ́fítíwíà tó ń gbé kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ installer lórí Windows, bó bá ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, máa ń wá àwọn fáìlì DLL, ìyẹn àwọn fáìlì kóòdù olùrànlọ́wọ́, tó nílò, ibi tó sì sábà kọ́kọ́ ń wò ni fódà tí òun fúnra rẹ̀ wà. Bí ìkànnì kan bá ti tàn yín ṣáájú láti gba DLL kan sínú fódà Downloads, tí orúkọ rẹ̀ bá èyí tí installer ń wá mu, òun ni installer yóò gbé, yóò sì fún un ní agbára administrator tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, Oracle kìlọ̀ nípa èyí lórí Java. Wọn ò ní kí ẹni tó ti ní Java lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tún un fi sí. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe ni kí a kó installer tí a ti tọ́jú pamọ́ dànù, èyíkéyìí tó bá ti wà ṣáájú ẹ̀dà 6u113, 7u97 tàbí 8u73. Àwọn tó ń ṣe bíi tiyín ni ìkìlọ̀ yẹn ń bá wí. Fìláàṣì tí gbogbo installer àti DLL àti fáìlì tí a kò mọ orísun rẹ̀ jọ wà nínú fódà kan ṣoṣo, kò yàtọ̀ sí fódà Downloads tí mo ń sọ yìí.

Fìláàṣì ní àlébù méjì mìíràn. Àkọ́kọ́ ni pé tí bùráúsà bá gba fáìlì láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, Windows máa ń lẹ àmì mọ́ ọn pé láti ìta ló ti wá. Àmì yẹn ló ń jẹ́ kí SmartScreen, ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú Windows, dá yín dúró kó bi yín léèrè. Orí dírááfù tí wọ́n ṣètò sí NTFS nìkan ni àmì náà lè dúró sí. FAT32 àti exFAT tí ọ̀pọ̀ fìláàṣì ń lò kò lè gbà á. Bí ẹ bá ti da fáìlì sórí irú fìláàṣì bẹ́ẹ̀, àmì já bọ́ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tí ẹ bá gbé e dé kò ní mọ̀ pé àlejò ni. Èkejì ni pé inú kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi ni fìláàṣì náà ń wọ̀. Àwọn kòkòrò bíi Sality àti Virut, fáìlì exe gan-an ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́. VLC tí ẹ gbà láti videolan.org lọ́jọ́ tí ẹ gbà á lè ti di nǹkan míì lẹ́yìn tó wọ kọ̀ǹpútà kẹta.

Ó dùn mọ́ mi pé èyí ṣeé yẹ̀ wò. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ fáìlì náà, ẹ yan Properties, ẹ wá Digital Signatures. Òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i, kí ẹ rí i pé orúkọ tó yẹ ló wà lára rẹ̀, pé Windows sì sọ pé ó péye. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan inú fáìlì lẹ́yìn tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lé e, Windows á sọ pé kò péye mọ́. Sọ́fítíwíà gidi kan wà tí kò ní òǹtẹ̀, pàápàá ti àwọn tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Fún irú wọn, ẹ ṣí PowerShell, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, ẹ kọ Get-FileHash àti orúkọ fáìlì, yóò gbé lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 jáde, èyí tí ẹ máa fi wé SHA-256, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ fáìlì náà, tó wà lórí ìkànnì àwọn tó ṣe é. VirusTotal náà wúlò, ó ń fi fáìlì yín han antivirus tó lé ní 60 lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ẹ má gbé ìwé àṣírí yín síbẹ̀, nítorí wọ́n máa ń pín ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ẹ má sì gbàgbé pé òǹtẹ̀ kì í sọ ọjọ́ orí di tuntun: WinRAR àtijọ́ yẹn ní òǹtẹ̀ tirẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé, orí ìkànnì gidi ńkọ́, ṣé wọn kì í já wọ ibẹ̀ ni? Wọ́n máa ń já wọ ibẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù Kejì ọdún 2016, wọ́n yí ìkànnì Linux Mint, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, padà kó máa darí àwọn ènìyàn sí ẹ̀dà 17.3 Cinnamon tí wọ́n ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí olè lè gbà wọlé sí. Láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ọ̀kan nínú sáfà HandBrake, sọ́fítíwíà tí a fi ń yí irú fídíò padà, ń pín kòkòrò Proton fún àwọn tó ń lo Mac. Ti CCleaner, sọ́fítíwíà tó ń gbá kọ̀ǹpútà mọ́, ní ọdún 2017 kan náà ló burú jù: ẹ̀dà 5.33 tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde, tó ní òǹtẹ̀ gidi, ló ní kòkòrò nínú, ó sì dé orí kọ̀ǹpútà tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Kò sí ohun tí mo sọ lókè tó lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìyẹn. Síbẹ̀, mi ò gbà pé ó wá sọ ìkànnì gidi àti ìkànnì gbàrọgùdù di ẹgbẹ́ kan náà. Ti Linux Mint kò pé ọjọ́ méjì tí wọ́n fi kéde rẹ̀, ti HandBrake kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ti CCleaner gba bí oṣù kan. Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà lára wọn, wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n sì sọ ohun tó yẹ kí àwọn ènìyàn ṣe. Fáìlì tí ẹ gbà lórí ìkànnì tí kò ní olórí, ta ló máa kéde rẹ̀ fún yín?

Ní ti kọ̀ǹpútà tó ti gbó, mo gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn yín, kò sì sí ìdáhùn kan tó bá gbogbo rẹ̀ mu. Ẹ kọ́kọ́ dán tuntun wò kí ẹ tó dá a lẹ́bi. VLC 3 tó wà lórí videolan.org ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows XP SP3, kò sí ìdí tí ẹ fi ní láti wá VLC ọdún gbọọrọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dín iye sọ́fítíwíà kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò nílò Java mọ́: Chrome ti kọ plugin rẹ̀ sílẹ̀ láti 2015, Firefox láti 2017. Ẹni tó kàn fẹ́ ka PDF, bùráúsà rẹ̀ ń ṣí i. Windows 11 ti ń ṣí rar fúnra rẹ̀ láti 2023. Bí sọ́fítíwíà kan bá wúwo, ẹ wá òmíràn tó fúyẹ́ tí wọ́n ṣì ń tọ́jú, ó sàn ju ẹ̀dà àtijọ́ èyí tó wúwo lọ. Bó bá sì jẹ́ Windows gan-an ni wọ́n ti pa tì, bíi Windows 7 tí Microsoft fi sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020, sọ́fítíwíà tuntun tí ẹ bá kó lé e kò lè dí ihò tó wà nísàlẹ̀. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè máa kọ lẹ́tà, kó máa kọrin, àmọ́ èmi ò ní fi wọ inú báńkì.

Flash Player, sọ́fítíwíà tí a fi ń wo fídíò àti eré orí ìkànnì tẹ́lẹ̀, ni mi ò ní jiyàn lé lórí rárá. Adobe pa á tì ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ fún yín lónìí pé kí ẹ gba àpúdéètì Flash, irọ́ ló ń pa.

Ohun tí mo máa ṣe sí fìláàṣì yín rèé: màá pa gbogbo installer inú rẹ̀ rẹ́, láìwo ojú èyíkéyìí. Mo mọ̀ pé ó dun ènìyàn, pàápàá tí dátà bá wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Dípò fáìlì, ẹ máa tọ́jú àdírẹ́sì: ìwé kékeré kan tí ẹ kọ ìkànnì gidi sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan sí, tí ẹ máa ń tẹ̀ fúnra yín láìgba ọ̀dọ̀ Google kọjá. Lórí Windows 10 tàbí 11, ẹ lè ṣí PowerShell kí ẹ kọ winget install 7zip.7zip tàbí winget install VideoLAN.VLC. Windows á lọ gbé e wá, á fi SHA-256 rẹ̀ wé èyí tó wà lákọọ́lẹ̀, kò sì ní gbà á bí wọn kò bá bára mu. Winget upgrade --all á gba àpúdéètì fún gbogbo ohun tó mọ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀kan. Tí kọ̀ǹpútà kan kò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gba installer rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lò ó, ẹ wo òǹtẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ fi sínú fódà tirẹ̀, kí ẹ sì pa á rẹ́ tí ẹ bá ṣe tán. Àwọn installer kéékèèké tó máa ń lọ gbé ẹ̀dà tuntun wá fúnra wọn, bíi ti Chrome, kò léwu tó àwọn ńlá tó gbé gbogbo nǹkan sínú, ṣùgbọ́n kí lẹ ń tọ́jú wọn fún?

Ti fóònù, gbólóhùn díẹ̀ ló tó. APK, ìyẹn installer ti fóònù Android, tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn, pàápàá WhatsApp tí wọ́n tún ṣe, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Ní 2021, Kaspersky rí kòkòrò Triada nínú ẹ̀dà FMWhatsApp kan. Ọ̀fẹ́ ni WhatsApp gidi, ẹ gbà á lórí Play Store.

Ó ku àwọn kọ̀ǹpútà tí ẹ ti bá ṣiṣẹ́ kọjá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí wọ́n fi ń wọ báńkì tàbí ímeèlì iṣẹ́. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Apps, ẹ tò wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n fi wọ́n sí, ẹ yọ èyí tí ẹni tó ni ín kò mọ̀, ẹ fi tuntun rọ́pò WinRAR àti Java àtijọ́, kí ẹ wá jẹ́ kí Microsoft Defender ṣe àyẹ̀wò offline. Bí ẹ bá rántí pé ẹ ti fi crack tàbí installer orí ìpolówó sí ọ̀kan nínú wọn, ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ná. Orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn ni kí ẹni tó ni ín ti pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, ímeèlì ni kó kọ́kọ́ mú, kó sì tẹ ibi tí wọ́n ti ń jáde kúrò lórí gbogbo ẹ̀rọ, kí cookie tí wọ́n bá ti kó lè di aláìwúlò. Irú kọ̀ǹpútà yẹn, èmi á kó fáìlì rẹ̀ tó ṣe pàtàkì sápá kan, láìfi exe kankan kún un, màá sì tún Windows rẹ̀ fi sí pẹ̀lú irinṣẹ́ tí mo gbà lórí ìkànnì Microsoft láti inú kọ̀ǹpútà tó mọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ni ín ìdí tí ẹ fi ń ṣe é, kó lè mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ wo àkáǹtì báńkì òun.